Bẹ́ẹ̀ ni àbí Bẹ́ẹ̀ kọ́: kí ni kí Ìyá Ṣeun tẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Karùn-ún?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham ní London ni mo ń gbé, ọdún kẹtàdínlógún mi rèé níbẹ̀. Káàdì ìdìbò ti dé fún ìbò AV (Alternative Vote) tí wọ́n fẹ́ dì lọ́jọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2011 yìí. Ṣeun, àkọ́bí mi tó wà ní yunifásítì, ní kí n tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Pásítọ̀ wa ní Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló dáa. Ọkọ mi ní ohunkóhun tí Nick Clegg, olórí ẹgbẹ́ Lib Dem (Liberal Democrats), bá ń fẹ́, òun kò fẹ́ ẹ, nítorí ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé. Èmi ò tilẹ̀ mọ ohun tí AV jẹ́ gan-an. Páàsì Nàìjíríà ni mo sì ń lò títí di òní. Ṣé wọ́n tiẹ̀ máa jẹ́ kí n dìbò? Bí wọ́n bá jẹ́ kí n dì í, kí ni kí n tẹ̀? Ìyá Ṣeun, Peckham.

Ìdáhùn: Ìyá Ṣeun, ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ. Láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, aṣọ tí Kate tó fẹ́ fẹ́ Ọmọọba William máa wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bá mi sọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí ní ọ̀rọ̀ ìbò, inú mi sì dùn sí i.

Ká kọ́kọ́ gbé ti páàsì kúrò ńlẹ̀. Ẹ lè dìbò. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth èyíkéyìí tó ń gbé níbí pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó péye, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, ní ẹ̀tọ́ láti yan ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹ̀tọ́ kan náà ló sì ní lórí ìbò ọjọ́ 5 yìí. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ó tán. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin yìí ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n bí káàdì bá ti dé ilé yín pẹ̀lú orúkọ yín lára rẹ̀, ẹ ti wọlé kí wọ́n tó tì í. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọmọ Ìmẹ̀kọ lè dìbò ní Peckham, ọmọ Kétu kò lè dì í, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ààlà tí òyìnbó fà ló mú Ìmẹ̀kọ fún Gẹ̀ẹ́sì, tó mú Kétu fún Faransé, ó sì bá wọn dé London.

Ó wá ku ohun tí ẹ máa tẹ̀. Ìbéèrè orí ìwé náà kò gùn. Ó ní ìlànà tí wọ́n fi ń yan ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin báyìí, èyí tí ẹni tó bá ti ṣíwájú fi ń wọlé, ṣé kí wọ́n fi AV rọ́pò rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò bi yín bóyá Clegg jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, kò bi yín bóyá Cameron, olórí ìjọba, ń ṣe dáadáa, kò sì sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo ariwo tí ẹ ń gbọ́ nílé, ìdáhùn sí ìbéèrè mìíràn ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ ẹbí ṣe é. Ogójì obìnrin jókòó láti yan aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Mẹ́rìndínlógún ní léèsì làwọn fẹ́, mẹ́tàlá ní àǹkárá, mọ́kànlá ní àdìrẹ. Ní ìlànà tí a ń lò báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí: léèsì ló wọlé. Pé mẹ́rìnlélógún nínú ogójì kò mú léèsì, ìyẹn kò kan ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá lówó léèsì, kó lọ yá a.

Lábẹ́ AV, obìnrin kọ̀ọ̀kan á kọ 1 síwájú aṣọ tó wù ú jù, 2 síwájú èyí tó lè fara mọ́ bí èyí àkọ́kọ́ kò bá ṣeé ṣe, 3 síwájú èyí tó kù. Bí kò bá fẹ́ kọ ju 1 lọ, kó kọ 1 kó jókòó jẹ́ẹ́. Ìbò rẹ̀ pé. Wọ́n á ka àwọn 1 ná. Aṣọ tó bá gbà ju ìdajì lọ ti wọlé nìyẹn. Níbí, kò sí èyí tó gbà á, nítorí náà wọ́n á yọ èyí tó gbẹ̀yìn, ìyẹn àdìrẹ, wọ́n á wá wo ìwé àwọn mọ́kànlá tó yàn án láti mọ ibi tí wọ́n kọ 2 sí. Ká ní mẹ́jọ kọ ọ́ síwájú àǹkárá, ẹnì kan síwájú léèsì, àwọn méjì kò kọ nǹkan kan. Àǹkárá di mọ́kànlélógún, léèsì di mẹ́tàdínlógún. Àǹkárá la máa rà. Ìwé àwọn méjì tí kò kọ 2 dúró síbẹ̀, kò bá wọn débi ìkàyè kejì.

Ẹ ti ṣe ohun tó jọ èyí rí, bóyá ẹ ò rántí ni. Lọ́dún 2008, nígbà tí a ń yan Méyọ̀ London, ìlà méjì ló wà lórí ìwé, ọ̀kan fún ẹni tí ẹ fẹ́ jù, èkejì fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Boris Johnson gba ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, kò tó ìdajì, wọ́n wá fi yíyàn kejì àwọn tó dìbò fún àwọn olùdíje kéékèèké kún tirẹ̀ àti ti Ken Livingstone tó tẹ̀ lé e kó tó wọlé. Kò sẹ́ni tó ní orí fọ́ òun lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé AV ti le jù fún ará ìlú láti lóye, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ kọjá lọ.

Níbo ló ti wá ń ṣe ìyàtọ̀? Kì í ṣe ní Peckham. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ Ṣeun nínú. Ní ìdìbò ọdún tó kọjá, Harriet Harman, aṣòfin yín láti ẹgbẹ́ Labour, gba nǹkan bí ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìbò ẹkùn yín. Ó ti kọjá ìdajì ní ìkàyè àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ AV la lò, wọn ì bá má ṣí ìwé ẹnikẹ́ni wò lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ń polongo Bẹ́ẹ̀ ni ń sọ pé AV máa mú kí àwọn aṣòfin jí, kí wọ́n ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbi tí ẹgbẹ́ kan ti fìdí múlẹ̀ bí ẹgbẹ́ Labour ṣe fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, irọ́ funfun báláú ni.

Ẹ wá wo Norwich South, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún tó kọjá, ẹni tí Lib Dem fà kalẹ̀ gba ìbò 13,960. Charles Clarke ti Labour, tó ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé rí, gba 13,650. Conservative gba 10,902, Green gba 7,095. Ìbò 310 ló ya ẹni tó wọlé sọ́tọ̀ sí ẹni tó fìdí rẹmi, ìdá 29.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sì fi di aṣòfin. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó dìbò, méje kò yàn án. Àwọn ẹgbẹ̀rún méje tó yan Green ńkọ́? Ó dájú pé púpọ̀ nínú wọn ní ẹni tí wọ́n lè fara mọ́ láàárín Clarke àti ẹni Lib Dem yẹn, ṣùgbọ́n ìwé ìdìbò kò bi wọ́n. Àwọn kan tó fẹ́ràn Green á sì wà tí kò dìbò fún un rárá, tí wọ́n fìbò wọn fún ẹlòmíràn nítorí ìbẹ̀rù pé kó má bàa ṣòfò. AV ì bá ti bi wọ́n, wọn ì bá sì ti kọ òtítọ́ ọkàn wọn síwájú 1 láìbẹ̀rù. Ẹni tí ì bá wọlé, èmi ò lè sọ, ẹni tó bá ní òun lè sọ ọ́ ń tan yín. Nínú àwọn 650 tó wọlé lọ́dún náà, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ìbò wọn kò tó ìdajì. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ AV wà.

Ó yẹ kí n sọ eré kékeré kan fún yín. Lọ́dún 2005, nígbà tí àwọn aṣòfin Conservative ń yan olórí ẹgbẹ́ wọn, ní ìdìbò àkọ́kọ́ David Davis gba 62, ẹni kejì gba 56, Liam Fox gba 42, Kenneth Clarke gba 38. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣíwájú ló ń gbà á, Davis ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń yọ, tí wọ́n á sì tún un dì. Ẹni kejì tó gba 56 yẹn ló gbẹ̀yìn gbà á. David Cameron ni orúkọ rẹ̀, òun náà ló ń lọ káàkiri báyìí tó ń sọ pé ẹni tó bá ṣíwájú ló yẹ kó máa gbà á.

Ó kan ọkọ yín. Ẹ bá mi kí wọn. Inú tó ń bí wọn tọ́. Lib Dem fọwọ́ síwèé ṣáájú ìdìbò pé àwọn kò ní gbà kí owó yunifásítì lọ sókè; oṣù Kejìlá tó kọjá, ilé ìgbìmọ̀ gbé e láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé díẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án pọ́ùn lọ́dún, àwọn kan nínú Lib Dem sì wà lára àwọn tó gbé e. Bí Ṣeun bá ní àbúrò tó máa wọ yunifásítì lọ́dún 2012, òun ni yóò ru ẹrù náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi bàbá Ṣeun pé: bí wọ́n bá tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́ tí Bẹ́ẹ̀ kọ́ sì borí, ṣé owó yẹn á wálẹ̀? Kò ní wálẹ̀. Clegg á jẹ ìyà ọjọ́ kan, a óò sì wà lórí ìlànà náà fún ọdún gbọọrọ. Ìbò tí gbogbo ilẹ̀ yìí jọ dì irú èyí kẹ́yìn, lọ́dún 1975 ni, lórí ọjà àjùmọ̀ní Yúróòpù. Ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé. Bí inú bá ń bí wọn sí Lib Dem, oṣù Karùn-ún ọdún tó ń bọ̀ a máa yan Méyọ̀ àti ilé ìgbìmọ̀ London, kí wọ́n lọ fìyà náà jẹ wọ́n níbẹ̀. Ohun tí a sì fi ń nu ẹsẹ̀ kọ́ la fi ń nu ojú.

Ohun tó tún yẹ kí wọ́n mọ̀ ni pé AV kọ́ ni Clegg fẹ́. Ṣáájú ìdìbò ọdún tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ pè é ní àdéhùn kékeré kan tó ṣeni láàánú. Ìlànà tí ìjókòó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á bá ìbò rẹ̀ dọ́gba ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, Cameron kọ̀ jálẹ̀, AV ni wọ́n pàdé sí láàárín nígbà tí wọ́n ń dá ìjọba alájọṣe sílẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé wá fún yín yìí.

Pásítọ̀ yín ńkọ́? Ẹ ò sọ ìdí tó fi mú Bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi náà ò sì ní méfò. Ó ṣeé ṣe kó ti rí ìwé ìpolongo tí wọ́n ya ọmọ jòjòló sí, tó ní ilé ìtọ́jú tuntun ni ọmọ náà nílò, pé kì í ṣe ìlànà ìbò tuntun. Ohun tí wọ́n fi gbé ìwé yẹn dìde ni pé AV máa ná wa ní mílíọ̀nù 250 pọ́ùn. Ẹ tú u wò: mílíọ̀nù 91 nínú rẹ̀ ni owó tí wọ́n ń ná lórí ìbò ọjọ́ 5 yìí fúnra rẹ̀, Bẹ́ẹ̀ kọ́ kò lè dá a padà. Mílíọ̀nù 130 jẹ́ ti ẹ̀rọ ìkàbò tí kò sẹ́ni tó ní òun fẹ́ rà. Láti ọdún 1918 ni Ọsirélíà ti ń lo irú ìlànà yìí, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ka ìbò náà. Ọmọ jòjòló yẹn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bákan náà ni wọ́n ń sọ pé AV fún àwọn kan ní ìbò méjì. Ìyá Ṣeun, bí ẹ bá rán ọmọ lọ sọ́jà pé kó ra pánla, pé bí kò bá rí pánla kó ra pọ́nmọ, ṣé nǹkan méjì ló máa gbé wálé? Ẹni tí olùdíje rẹ̀ ṣì wà nínú ìdíje, wọ́n ń ka ìbò tirẹ̀ náà ní ìkàyè kejì, fún ẹni kan náà. Ti ẹgbẹ́ BNP ńkọ́, àwọn tí kò fẹ́ rí àwọ̀ wa sójú? Àwọn tó ń polongo Bẹ́ẹ̀ kọ́ ní AV á fún BNP lágbára. BNP fúnra wọn ní Bẹ́ẹ̀ kọ́ làwọn yóò dì. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn Bẹ́ẹ̀ kọ́ ń purọ́. Ohun méjì wà tí wọ́n lè sọ tí mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi aṣọ ẹbí. Iye kan náà: léèsì mẹ́rìndínlógún, àǹkárá mẹ́tàlá, àdìrẹ mọ́kànlá. Lọ́tẹ̀ yìí, ká ní gbogbo àwọn onílẹ́ẹ̀sì ló kọ 2 síwájú àdìrẹ, gbogbo àwọn aláǹkárá náà kọ 2 síwájú àdìrẹ. Ìyẹn ni pé àdìrẹ ni aṣọ tí gbogbo ilé lè fara mọ́. Bí a bá gbé àdìrẹ àti léèsì nìkan kalẹ̀, àdìrẹ á fi 24 borí 16. Bí a bá gbé àdìrẹ àti àǹkárá nìkan kalẹ̀, àdìrẹ á fi 27 borí 13. Ṣùgbọ́n AV kò ní débẹ̀, nítorí àdìrẹ ló ní 1 tó kéré jù, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ. Aṣọ tó yẹ kó parí ìjà ni wọ́n tì síta lákọ̀ọ́kọ́. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀, àwọn tó ń ta AV fún yín kì í sì í mẹ́nu bà á. (Lóòótọ́, ìlànà tí a ń lò báyìí náà kò ní yan àdìrẹ.)

Èkejì wúwo ju ìyẹn lọ. AV kò ní mú kí ìjókòó ẹgbẹ́ bá ìbò rẹ̀ dọ́gba. Lọ́dún tó kọjá, Lib Dem gba ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ìjókòó 57 péré ni wọ́n rí nínú 650, kò tó ìdá mẹ́sàn-án. AV lè fi díẹ̀ kún un, kò ní tún un ṣe. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá sì ń jà rànyìn, AV lè mú un ga ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 1997, Labour fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún gba ìjókòó 418. Ìgbìmọ̀ tí Roy Jenkins darí jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1998, pé AV nìkan lè mú kí irú àìdọ́gba bẹ́ẹ̀ tún pọ̀ sí i. AV tí wọ́n bù nǹkan mìíràn kún ni ìgbìmọ̀ náà ní kí a lò. Nítorí èyí ni àwọn kan bíi David Owen, tó ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè rí, ṣe ń sọ pé Bẹ́ẹ̀ kọ́ làwọn máa tẹ̀, pé ìlànà tó dọ́gba làwọn ń dúró dè. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò wọn. Ohun tó ń dà mí láàmú nínú rẹ̀ ni pé bí Bẹ́ẹ̀ kọ́ bá borí, kò sí ibi tí wọ́n ti máa kọ ọ́ pé Bẹ́ẹ̀ kọ́ ti àwọn tó fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí Bẹ́ẹ̀ kọ́ ti àwọn tí kò fẹ́ nǹkan kan. Iye kan náà ni wọ́n máa kà wọ́n sí. Ní New Zealand, wọ́n gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: lọ́dún 1992 wọ́n bi ará ìlú bóyá wọ́n fẹ́ àyípadà, wọ́n tún bi wọ́n irú èyí tí wọ́n fẹ́, lọ́dún 1993 wọ́n wá gbé èyí tí wọ́n yàn kojú ti àtijọ́. Níbí, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí.

Ṣé ẹ rí i, àwa tí a ti Nàìjíríà wá kò yẹ ká fojú kéré ọ̀rọ̀ ìlànà. Ẹ rántí ọdún 1979. Òfin ní kí ẹni tó máa di ààrẹ gba ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún ló wà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta mọ́kàndínlógún, èló ni? Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ ní pàtó títí di ọjọ́ tí èsì jáde. Shagari ní ìbò 5,688,857, Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ méjìlá ni Shagari ti gba ìdá kan nínú mẹ́rin, ní Kano kò tó o. Ni Richard Akínjídé, amòfin ẹgbẹ́ Shagari, bá gbé 12⅔ kalẹ̀, pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ Kano ni ká wò, kì í ṣe Kano lódindi. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ gbà á. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó kò gbà. Bí wọ́n bá ti sọ pé mẹ́tàlá ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá dé iwájú àwọn aṣòfin fún ìdìbò mìíràn. Bàbá mi kú láìdárí ji ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn. Gbogbo ilé wa mọ ìṣirò náà lórí ju àdúrà Olúwa lọ.

Ẹ tún yíjú sí ẹ̀gbẹ́ wa ní Benin. Lọ́dún 1996, Soglo ló ṣíwájú ní ìdìbò àkọ́kọ́, Kérékou tẹ̀ lé e, Houngbédji ọmọ Àjàṣẹ́ ṣe ẹ̀kẹta. Ẹni tó ṣíwájú kò gbà á níbẹ̀ àfi bó bá kọjá ìdajì, nítorí náà wọ́n padà lọ dìbò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Houngbédji ní kí àwọn èèyàn òun ti Kérékou lẹ́yìn, Kérékou sì wọlé. Ohun tí AV fẹ́ ṣe nìyẹn, àfi pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló fẹ́ ṣe é. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò kéré o: ní Benin, ará ìlú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti tún ọkàn wò, àwọn aṣáájú náà sì ní ọ̀sẹ̀ méjì láti bára wọn na ọjà. Nínú AV, kò sí àyè fún ìnájà lẹ́yìn tí ìwé bá ti wọ inú àpótí. Ẹ̀yin lẹ máa kọ 2 yín fúnra yín. Houngbédji kankan kò ní bá yín kọ ọ́.

Ìdánwò tí mo máa ń ní kí èèyàn ṣe rèé. Ẹ gbàgbé ẹni tí ẹ fẹ́ kó wọlé. Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó pàdánù. Ká ní ẹ̀yin lẹ dìbò fún ẹni kejì ní Norwich South, tí ẹ fi ìbò 310 pàdánù lọ́wọ́ ẹni tí méje nínú mẹ́wàá kò yàn, ṣé ẹ lè sọ pé kò burú, wọ́n jà, ó ṣíwájú, ó tán? Wá yí i padà: ká ní ẹ̀yin lẹ ṣíwájú pẹ̀lú ìdá 38, tí wọ́n wá yọ àwọn kékeré, tí ìbò wọn sì gbé ẹni kejì kọjá yín. Ṣé ẹ lè gbà pé ó tọ́? Èyí tí ẹ bá lè fara dà jù nínú ìpàdánù méjèèjì, ìlànà yín nìyẹn. Bí ẹ bá rí i pé ohun tó yẹ ìjọba ni kí ẹgbẹ́ kan gba agbára kíákíá, kí a mọ ẹni tí a máa dá lẹ́bi, kí a sì lè lé e lọ lọ́jọ́ tó bá yá, ẹ tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ìdí tó ní láárí ni. Mi ò kàn ní gbà fún ẹni tó bá ní ìlànà tí a ń lò kì í bí ìjọba alájọṣe, nítorí òun ló bí Cameron pẹ̀lú Clegg, òun náà ló sì fún Kánádà ní ilé ìgbìmọ̀ tí ẹgbẹ́ kankan kò ní ju ìdajì lọ lọ́dún 2004, 2006 àti 2008.

Ìdánwò kejì kò gba àkókò. Lálẹ́ ọ̀la, ẹ kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó díje lọ́dún tó kọjá sórí pépà, kí ẹ fi nọ́ńbà sí wọn. Bí ọwọ́ yín bá dúró lẹ́yìn 1, tí gbogbo àwọn yòókù rí bákan náà lójú yín, AV kò ní nǹkan púpọ̀ láti fún yín. Bí ẹ bá rí i pé 2 àti 3 tún ní ìtumọ̀, tí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ máa fi sẹ́yìn gbogbo wọn pátápátá, a jẹ́ pé ohun kan wà tí ẹ ń fẹ́ sọ fún wọn láti ọdún yìí wá tí ìwé ìdìbò kò bi yín.

Ẹ ò bi èmi ní ti èmi, ṣùgbọ́n kò ní dáa kí n fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ni mo máa dì, láìlu ìlù, láìjó. Mo mọ̀ pé kò ní yí Peckham padà, mo mọ̀ pé kò ní tún ìdọ́gba ṣe, mo sì ti sọ wàhálà àdìrẹ fún yín. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí láti máa gbọ́ kí èèyàn sọ pé ẹni tí òun fẹ́ kò lè wọlé, nítorí náà òun fìbò fún ẹlòmíràn. Bí mo bá lè mú ìbẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn olùdìbò kan ní Norwich, ó tó mi. Ṣeun lè fi èyí yangàn fún bàbá rẹ̀ bó bá fẹ́. Ẹ̀yin, ẹ má tìtorí tèmi tẹ ohunkóhun.

Òfin kò fi iye kan pàtó lé e pé ìbò gbọ́dọ̀ tó báyìí kó tó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Èyí tó bá fi ẹyọ kan ju èkejì lọ ló borí, ó sì di dandan fún ìjọba láti tẹ̀ lé e. Torí náà bí ẹ̀yin àti bàbá Ṣeun bá lọ, tí ọ̀kan tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, tí èkejì tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti pa ara yín rẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣàdéhùn pé kí ẹ jọ jókòó sílé. Mo mọ tọkọtaya kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn yọ́ lọ.

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n máa ṣí, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n máa tì. Bí ẹ bá gbàgbé káàdì sílé, ẹ má padà lọ mú un, lọ́dún 2011 yìí orúkọ àti àdírẹ́sì yín ti tó. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n máa fún yín fún ìbò yìí. Kò sí yíǹkì àtàǹpàkò níbẹ̀ bíi tilé, pẹ́ńsù ni. Ẹ fa igi méjì kí wọ́n pàdé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ bá yàn, kí ẹ pa á dé. Ẹ má kọ 1 àti 2 sí i o. Ti 1 àti 2 yẹn, àfi bí Bẹ́ẹ̀ ni bá wọlé ná.